Àmì Tí O Yọ Lórí Ọkọ̀

                                        Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí Kékeré,
                                        Amùkókò, Ajégúnlẹ̀,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Keje, 2025.

Jọmílójú, ẹni tí a jọ wọ yunifásítì lọ́jọ́ kan náà,

Ta ló kọ́ ẹ̀rọ rẹ pé bí obìnrin bá ti dárúkọ obìnrin mìíràn, ọ̀rọ̀ ọkọ ló ń sọ? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo máa ń kọ nǹkan sí lóru, mo fa igi lé e, mo tún un kọ. Nígbà tí mi ò rí ìdáhùn, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwọ tó ni ẹ̀rọ.

Ṣé Mọ́mì wà dáadáa? Ṣé ẹsẹ̀ wọn tó wú ti wálẹ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ Ephraim ńkọ́, ṣé ọ̀gá wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n sinmi ní ọ́fíìsì wọn ní Warehouse Road? Àlàáfíà gbogbo wọn ni mò ń béèrè, tọkàntọkàn sì ni. Tìrẹ, mi ò béèrè. Mo rí ọ nínú fídíò tó ń ti orí fóònù dé orí fóònù, o ń rẹ́rìn-ín, ara rẹ le.

Jẹ́ kí n rán ọ létí bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, torí mo gbọ́ pé o ti ń sọ ọ́ kiri bí àwàdà. Nínú kọ́ọ̀sì tí ẹ̀ka ìbánisọ̀rọ̀ tiwa àti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tiyín jọ ń ṣe ni wọ́n ti pa èmi àti ìwọ pọ̀. Èmi á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ní Apápá, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ á ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa kà á sókè. Ẹni tí mo kọ́kọ́ lọ bá ni àbúrò màámi, Ìyá Láwàlì, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tí tírélà wọn ń kó ẹrù ní èbúté. Wọ́n sọ bí àìsàn ṣe dá wọn dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, àti bí Màdáámù Ebiere, tó ni ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ní Liverpool Road, ṣe bá wọn tọ́jú tírélà náà. Mo kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn: "Ebiere ló gba ọkọ̀ mi. Ó tọ́jú ẹ̀ bíi tiẹ̀. Ó lò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì sọ fún mi. Nígbà tí ara mi yá, ó dá a padà, kò sí ibi tó bó lára ẹ̀."

Mo fi gbogbo àmì sí i, tòkè tìsàlẹ̀. Ìwọ yọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo bi ọ́ léèrè, o ní, "Mutma, ìdọ̀tí orí lẹ́tà ni gbogbo ìyẹn. Ẹ̀rọ á mọ̀ ọ́n fúnra ẹ̀." Mo ní kí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ, èmi àti ìwọ, kí a tó gbé e síwájú èèyàn. O ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ẹjọ́ wẹ́wẹ́ ní yunifásítì, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́."

Ọjọ́ tí a máa gbé iṣẹ́ náà síwájú èèyàn ní yunifásítì pé. Ìyá Láwàlì wọ híjáàbù tuntun, Màdáámù Ebiere kò ṣí ibi iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ yẹn. Iwájú ni àwọn méjèèjì jókòó sí, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ẹ̀rọ rẹ bá lanu, ohùn rẹ̀ mọ́ kedere bíi ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò: "Ebiere ló gba ọkọ mi. Ó tọ́jú ẹ̀ bíi tiẹ̀. Ó lò ó lẹ́ẹ̀kan..."

Gbọ̀ngàn dàrú. Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ta ló kàn láti lò ó?" Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ awò ojú wọn. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín, o sì na fóònù sókè, ò ń ya ara rẹ pọ̀ mọ́ wa. Màdáámù Ebiere dìde. "Madam, na moto I keep for you o, no be man." Wọ́n wo ojú Ìyá Láwàlì. "Abi na so you dey talk am for house?" Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, wọ́n ti jáde.

Láti ìgbà tí o ti gbé fídíò yẹn síta, Àlòkù ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pe Bàbá Láwàlì. Inú yàrá ni wọ́n ti ń kírun báyìí. Mo bẹ̀ ọ́ kí o yọ ọ́ kúrò. O fèsì pé kí n fara balẹ̀, èèyàn ṣì ń wò ó, pé máàkì tó ga ni wọ́n fún ọ.

Ní ọdún àkọ́kọ́ wa, wọ́n kọ́ wa pé ohunkóhun tó bá da ọ̀rọ̀ rú kó tó dé etí ẹni tí a rán an sí, ariwo là ń pè é. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiyèméjì bóyá ẹ̀kọ́ yẹn wúlò. Ó wúlò. Jọmílójú, ìwọ ni ariwo náà.

Mo ka ìwé tí o yá mi nípa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń méfò ni, ohun tó bá ti rí jù ló ń mú. Oko tí à ń dá wà níbẹ̀, ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀ wà níbẹ̀, ọkọ̀ wà níbẹ̀. Ọkọ ló mú. Bóyá kì í ṣe ìwọ nìkan ló yẹ kí n máa bínú sí, bóyá gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ti ń kọ nípa obìnrin ni. Mo rò ó títí. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn kọ́ ló yọ àmì, ìwọ ni. Bí wọ́n bá yọ ti orúkọ tìrẹ ńkọ́? Ta ló máa mọ̀ bóyá o jọ mí lójú ni, àbí o jó mi lójú?

Lánàá, dírẹ́bà mú kọ́kọ́rọ́ tírélà wá. Màdáámù Ebiere, tí tírélà náà ṣì ń sùn lọ́dọ̀ wọn, ní kí Ìyá Láwàlì wá ibòmíràn gbé ọkọ̀ wọn sí. Ẹ̀gbẹ́ títì ni ọkọ̀ náà sùn. Ìyá Láwàlì ń yí kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́, wọ́n bá pè mí.

"Mutmainah, nígbà tí mo wà ní ọsibítù, bàbá Láwàlì ló ń lọ wo ọkọ̀ yẹn lójoojúmọ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin lẹ rán wọn.

Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀. "Ẹ̀rọ yunifásítì yín yẹn, ṣé kì í mọ nǹkan?"

Mo ní kò mọ nǹkan kan. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, yọ fídíò yẹn lónìí. Lẹ́yìn náà, wá sí Amùkókò, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ fún wọn pé ẹ̀rọ náà kò mọ nǹkan, pé ìwọ lo yọ àmì. Èmi ti sọ ọ́, wọn ò gbà mí gbọ́, torí èmi kọ́ ni mo kọ́ kọ̀ǹpútà. Láti ibẹ̀ ká jọ lọ bá Màdáámù Ebiere ní Liverpool Road. Bí o kò bá wá, má wá mọ́ láéláé.

Bá mi kí Mọ́mì, kí o sì bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Ephraim. Má fi fídíò náà hàn wọ́n.

Wọ́n ti pe ìrun àsùbáà. Mo ń gbọ́ Ìyá Láwàlì níta, wọ́n ń bu omi àlùwàlá. Kẹ́tùlù kan ṣoṣo ni wọ́n bu. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń bu ti ọkọ wọn pẹ̀lú.

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Mo pa àtùpà.

                                        Èmi tí mo ṣì ń fi àmì sórí orúkọ rẹ,
                                        Mutmainah.