Ẹ Bá Mi Lé Oyèbọ́lá Lọ sí Ìlọrin

Bọ̀dá mi Gbọ́ládé,

Ẹ kú òtútù Kánádà o. Ṣé ara ìyàwó wa àti àwọn ọmọ le? Àwa náà wà ní Ilo-Awẹla níbí. Oògùn ojú tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé, ẹ ṣeun.

Yunifásítì Ìlọrin ti gba Oyèbọ́lá fún iṣẹ́ apoògùn tó ti ń wù ú kí bàbá rẹ̀ tó kú. Ṣùgbọ́n ó ní yunifásítì ìtòsí wa ló bá òun mu, bẹ́ẹ̀ wọn kì í kọ́ni ní iṣẹ́ apoògùn níbẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, àkáǹtínì náà dáa."

Irọ́ ni, Bọ̀dá. Òun ló ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́ tí mo fi ń ránṣọ láràárọ̀. Nígbà tó lọ ṣe ìdánwò ní Ìlọrin, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́ rẹpẹtẹ, ó fi wọ́n gún kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ dè mí. Wọ́n tán kó tó dé. Ó bá mi níbi tí mo káwọ́ bọ itan, tí aṣọ oníbàárà wà níwájú mi. Àtìgbà náà ni kò ti dárúkọ Ìlọrin mọ́.

Ẹ̀yin ni bàbá tó kù fún un. Ẹ pè é, ẹ pàṣẹ kó lọ. Yàrá kan náà la jọ ń gbé, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ ọ́ lórí fóònù. Tó bá béèrè ojú mi, ẹ ní mo ní ó ti ń san.

Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kan ara wa.

Àbúrò yín,
Ọláníkẹ́.

Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ bá gun ara wọn lórí. Mi ò rí ìlà ìwé mọ́.