Ẹ̀bẹ̀ Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì Ọ̀fẹ́ Tí Àwọn Onílé Tì Pa

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ládéìndé,
Lẹ́yìn Àgọ́ Palace,
Ìsọlọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ogúnjọ́, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Àjọ Ayélujára fún Mùtúmùwà,
Apakun, Òṣòdì,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÍŃTÁNẸ́Ẹ̀TÌ Ọ̀FẸ́ TÍ KÒ DÉ Ọ̀DỌ̀ AYÁLÉGBÉ NÍ ÒPÓPÓNÀ LÁDÉÌNDÉ

Èmi ni Gàfárù Oyèékúnlé, bíríkìlà, ọmọ bíbí Ìkirè, ayálégbé ní ojúlé tí mo kọ sókè yìí. Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi gba ọmọ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ oore tí ẹ ṣe wá.

Ní oṣù Kẹta ọdún yìí ni ẹ gbé ẹ̀rọ Íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ sórí òrùlé Alàgbà Olúbọ̀wálé, alága ẹgbẹ́ onílé wa. Ẹ tún kan pátákó ńlá kan mọ́ ògiri rẹ̀, tó yọ síta lójú ọ̀nà: ÌMỌ̀ ṢÍ SÍLẸ̀ FÚN GBOGBO ÈNÌYÀN. Ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ṣàlàyé pé iṣẹ́ àjọ yín ni kí gbogbo ẹ̀rọ ayé máa gbọ́ èdè ara wọn, èyí tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà àti èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, kí ìwé inú ilé ìkàwé yín lórí ayélujára sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. A pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rántí bi yín bóyá onílé àti ayálégbé ń gbọ́ èdè ara wọn.

Ẹ̀rọ náà kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa tí alága fi fi páásìwọ́ọ̀dù tì í. Ẹ má bínú sí i jù. Ní àdúgbò wa, ohun tí kò bá ti ní àgádágodo, olè ló ni ín. Géètì òpópónà wa ní kọ́kọ́rọ́, bí àlejò bá sì dé, ẹ̀ṣọ́ á bi í pé ta ló ń wá. Alága rò pé bó ṣe yẹ kí Íńtánẹ́ẹ̀tì náà rí nìyẹn. Ìpàdé onílé nìkan ni wọ́n ti ń sọ páásìwọ́ọ̀dù, wọ́n sì ń yí i padà ní gbogbo ìpàdé. Bẹ́ẹ̀, a kì í pe ayálégbé sí ìpàdé onílé, àfi tí wọ́n bá fẹ́ bá a wí.

Ìyá Morọ́lá, onílé tèmi, kì í pa ìpàdé jẹ. Ènìyàn rere ni wọ́n. Fóònù oníná tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, wọn a sì ti gbàgbé páásìwọ́ọ̀dù náà kí wọ́n tó délé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi rántí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n ní nọ́ńbà inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, àti pé àwọn ti búra pé àwọn ò ní sọ ọ́ fún ayálégbé. Bó ṣe rí nìyẹn: àwọn tó mọ̀ ọ́n kò mọ ohun tí wọn ó fi ṣe, àwa tó mọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe kò mọ̀ ọ́n. Ní oṣù tó kọjá, àjọ yín fún alága ní àmì-ẹ̀yẹ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣí ìmọ̀ sílẹ̀ jù lọ ní gbogbo Ìsọlọ̀. Wọ́n ní ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. A ò tíì rí i, torí ilẹ̀kùn máa ń wà ní títì.

Salimat, ọmọ mi, ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Ó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó ń bọ̀. Gbogbo ìwé tí wọ́n ní kó kà ló wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ilé ìkàwé yín lórí ayélujára. Ní báyìí, ẹsẹ̀ ògiri alága ló máa ń jókòó sí, lábẹ́ pátákó yín. Bí alága bá ti ń sun oorun ọ̀sán, Ṣíjúadé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, á yọ́ jáde wá yá a ní fóònù tirẹ̀, èyí tí páásìwọ́ọ̀dù ti wà nínú rẹ̀. Bí bàbá bá wúkọ́, ẹ̀kọ́ parí. Ó ń dùn mí dé ọkàn. Èmi tí mo ń mọlé fún gbogbo ayé, n kò rí ibi tí ọmọ mi lè jókòó kàwé.

Mo wá sí ọ́fíìsì yín. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹ́ mi sí púpọ̀, ó ń pè mí ní Dádì. Ó ní ẹ kì í gba ẹ̀sùn lórí ìwé, pé orí ayélujára ni kí n ti kọ ọ́, kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Mo bi í pé níbo ni n ó ti rí ayélujára. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní ọ̀kan wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Òpópónà Ládéìndé.

Ìdí nìyí tí mo fi fọwọ́ kọ èyí, tí mo sì bẹ ẹ̀ṣọ́ yín kó bá mi gbé e wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí i, pàápàá ibi tí mo ti dárúkọ Ṣíjúadé.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ bá wa yọ páásìwọ́ọ̀dù náà, tàbí kí ẹ kọ ọ́ kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì. Bí ìyẹn bá ṣòro, mo ní ẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ wá tú pátákó yín lọ síbi àpérò kan ní Àbújá, kí àwọn àlejò lè wò ó. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀ títí Salimat yóò fi ṣe ìdánwò rẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ jù, pátákó yẹn nìkan ni kì í jẹ́ kó pa á.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín, tí mo ń retí yín,

Gàfárù Oyèékúnlé,
Bíríkìlà, ayálégbé, bàbá Salimat.