Ẹ Dá Iṣẹ́ Abẹ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Dúró: A Kò Tíì Mọ Èwo Nínú Àwọn Ìbejì Mi Ló Ní Jẹjẹrẹ

Ilé Kẹtàlá, Òpópónà Ìjọ Tuntun,
Karu, Abuja.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Karùn-ún, 2025.

Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé Ìwòsàn Ọmọdé Ìmọ́lẹ̀ Òwúrọ̀,
Galadimawa, Abuja.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ LÓRÍ ÈSÌ ÀYẸ̀WÒ ỌRÙN TÁÍWÒ ÀTI KẸ́HÌNDÉ LÁNÍYÌ, ỌMỌ ỌDÚN MẸ́SÀN-ÁN

1. Èmi ni ìyá àwọn ọmọbìnrin méjèèjì tí orúkọ wọn wà lókè yìí. Wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ Táíwò sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ogúnjọ́ oṣù yìí. Mo ń bẹ̀ yín kí ẹ dá a dúró, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Kẹ́hìndé gan-an ló ní àrùn náà.

2. Ní oṣù kẹta, ọwọ́ mi kan kókó kan lọ́rùn Kẹ́hìndé nígbà tí mo ń di irun rẹ̀. Dókítà Saeed ya àwòrán ọrùn rẹ̀, ó sì ní kí n mú Táíwò náà wá, torí pé ìbejì ni wọ́n. Ó bá kókó lára àwọn méjèèjì, nínú táírọ́ọ̀dì, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọ̀fun. Apá ọ̀tún ni méjèèjì wà, kò sì sí èyí tó ju hóró ẹ̀wà lọ.

3. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú kókó kọ̀ọ̀kan sínú ìgò fún àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì Jemimah, tí kò gbọ́ Yorùbá, bi mí pé èwo ni ẹ̀gbọ́n. Mo ní Kẹ́hìndé ni. Ó kọ Ìbejì Kìíní sára ìgò Kẹ́hìndé, ó kọ Ìbejì Kejì sára ti Táíwò. Ojú mi ló ṣe.

4. Èsì jáde ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí. Ìbejì Kejì kò ní nǹkan tó léwu. Ìbejì Kìíní ní jẹjẹrẹ. Dókítà Saeed ní ó ṣì kéré, kò tíì tàn, àti pé bí wọ́n bá tètè yọ ọ́, ọmọ náà á yè. Mo dúpẹ́. Àmọ́ Táíwò ni Dókítà ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìwé ìbí ni wọ́n fi ṣí fáìlì wọn, Táíwò ló sì kọ́kọ́ jáde, nítorí náà òun ni Ìbejì Kìíní nínú fáìlì.

5. Mo jẹ́wọ́ ìpín tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táíwò kó lọ tọ́ ayé wò. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ nílé ni mo ṣe sọ ọ́ níbẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹni tó bi mí kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé yìí ní Yorùbá.

6. Mo ti kọ̀wé ní Gẹ̀ẹ́sì sí ọ́fíìsì àkọsílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Titus tó wà níbẹ̀ ní èsì àti fáìlì bára mu. Iṣẹ́ fáìlì lèmi náà ń ṣe níléeṣẹ́ ìjọba. Mo mọ̀ pé bí ìwé bá ti wọ fáìlì tí kì í ṣe tirẹ̀, kì í pẹ́ tí gbogbo èèyàn fi ń gbà á lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì Jemimah ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Dókítà Saeed ti lọ sí Mẹ́kà fún Hájì. Dókítà tí kò rí àwọn ọmọ náà rí ni yóò mú ọ̀bẹ.

7. Ẹ̀rù ń bà mí gidigidi. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, wọ́n á la ọrùn ọmọ tí ara rẹ̀ le, èyí tó ní jẹjẹrẹ á sì máa gbé e kiri lábẹ́ òrùlé mi. A ó máa dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, nǹkan náà á máa dàgbà.

8. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí wọ́n tún fi abẹ́rẹ́ gba tuntun lára àwọn méjèèjì lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan ní kíkún sára ìgò níṣojú mi, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀bẹ kan Táíwò títí èsì yóò fi jáde. N kò kọ iṣẹ́ abẹ. Mo mọ̀ pé jẹjẹrẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

9. Àwọn ọmọ ti gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Táíwò ní kí n má da ara mi láàmú, pé bó bá jẹ́ ti Kẹ́hìndé ni, òun á bá a gba abẹ náà. Ó rò pé bí wọ́n bá ti la òun, ara Kẹ́hìndé á yá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kó lọ dùbúlẹ̀ lórí ìgbàgbọ́ yẹn.

Ẹ ṣeun tí ẹ ka ìwé mi dópin.

Èmi ni tiyín, tó ń retí èsì kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó pé,

Adépéjú Láníyì (Ìyáàfin),
Ìyá Ìbejì.