Fíìmù Tó Há Sínú Kámẹ́rà Luo

Ilé Kẹta, Àgbàlá Àwọn Òṣìṣẹ́,
Ilé-Iṣẹ́ Kámẹ́rà Ìjọba,
Qingshi, Jiangxi.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin, ọdún 2009.

Suyun, àbúrò mi, alájọjẹ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń gbà á láyè láti gun àtẹ̀gùn? Ọmọ-ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń fọ èdè ará Guangzhou sí ọ lórí? Mo gbọ́ pé wọn kì í fi ata sí ọbẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kú ìfaradà o! Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ ń ro mí bí òjò bá ṣú, ṣùgbọ́n ẹnu kò ro mí, o kúkú mọ̀ mí.

Suyun, wọ́n fẹ́ wó ilé-iṣẹ́ wa. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé wíwó ni, títí dé ilé tí mò ń gbé. Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo rí i. Ṣé o rántí ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù kó wa dé láti Shanghai? Ẹkún lò ń sun pé ìjọba kó wa wá sórí òkè kí ẹkùn lè rí wa jẹ. Inú àká ìrẹsì la ti kọ́kọ́ ń to kámẹ́rà, a máa ń wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà bà sójú dígí. Nígbà tó yá, ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wá wa. Ọkọ ìyàwó tí kò bá gbé kámẹ́rà wa kọ́rùn kò tíì ṣetán. Àwọn ìbátan tí a kò mọ̀ rí ń gbé adìyẹ wá kí wa, kí a lè bá wọn rí ọ̀kan rà. Àfi ìgbà tí kámẹ́rà ilẹ̀ Japan dé, tó fúyẹ́, tó ń tanná fúnra rẹ̀. Tiwa wúwo bí ọlọ. Ní ọdún tó gbẹ̀yìn, kámẹ́rà ni wọ́n fi san owó oṣù wa, àwa tí a tò ó la tún ń pàtẹ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́ létí títì. Kámẹ́rà kì í kúkú ṣe ìrẹsì, kò ṣeé sè.

Ọ̀kan nínú rẹ̀ ló fa lẹ́tà yìí. Nígbà tí mò ń palẹ̀ ẹrù mọ́, mo rí i lábẹ́ ibùsùn, èyí tí Luo ọkọ mi gbé wálé nígbà náà. Ẹ̀rọ tó ń yí fíìmù rẹ̀ ti há, Luo ní òun á tún un ṣe, kò tún un ṣe tó fi kú. Mo wo ojú ibi tó ń ka fọ́tò, mo rí i pé fíìmù wà nínú rẹ̀. Fíìmù àyẹ̀wò!

O mọ iṣẹ́ Luo: kó ki fíìmù bọ kámẹ́rà tuntun, kó dojú kọ ògiri bíríkì ilé oúnjẹ, kó yà á. Bí ìlà bíríkì bá mọ́ kedere, kámẹ́rà yege. Bí ó bá ṣe bàìbàì díẹ̀, á dá a padà, á sì bú gbogbo wa mọ́ ọn. Wọn kì í tẹ irú fíìmù bẹ́ẹ̀ sórí bébà, fàdákà inú rẹ̀ ni wọ́n ń yọ.

Kí n má purọ́ fún ọ, àyà mi já. Fọ́tò Luo kan ṣoṣo ló wà lára ògiri mi, èyí tí wọ́n fà tóbi láti ara káàdì iṣẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ le koko bí ẹni tí wọ́n jí bàtà rẹ̀. Ọkọ mi kọ́ nìyẹn! Ẹ̀rín rẹ̀, tó máa ń fi eyín rẹ̀ tó kán hàn, ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo máa ń dijú kí n lè rí i, n kò rí i dáadáa mọ́. Mo wá ní bóyá ìwọ tàbí Bao, tó máa ń fọ fíìmù wa, gba kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí ẹ sì ya òun náà.

Lọ́jọ́ ọdún àtọ́jú ibojì, bí a ṣe tọ́jú ti Luo tán, mo gbé e lọ bá Bao. Etí rẹ̀ ti di, igbe ló ń fi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyàwó Luo, kámẹ́rà yìí há, orúnkún tìẹ há, etí tèmi há. Ta ni yóò tún ta ṣe?" Síbẹ̀, ó fi aṣọ bo fèrèsé ilé ìwẹ̀ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Bíríkì ni. Èkejì, bíríkì. Bao pòṣé: "Ṣíọ̀! Gbogbo rẹ̀ ló ṣe bàìbàì. Luo tó ń bú gbogbo ayé!" Ìgbà náà ni Bao ti fọ́tò kan sí mi. Ó ní, "Wo igun ibẹ̀ yẹn."

Lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ, obìnrin kan dúró, ó gbé abọ́ méjì dání. Èmi ni, Suyun. Èmi ni nínú gbogbo wọn. Mò ń rẹ́rìn-ín nínú ọ̀kan, mo fajú ro nínú òmíràn, irun mi tú nínú èyí tó tẹ̀lé e. Bíríkì kò hàn, ṣùgbọ́n irun ìpéǹpéjú mi ṣeé kà: èmi ló ń fi kámẹ́rà wò, kì í ṣe ògiri. O rántí bí mo ṣe máa ń pariwo lójoojúmọ́ pé, "Luo, oúnjẹ ń tutù!" Òun a sì dáhùn pé, "Ó ku bíríkì kan!"

Bao ní, "Lójú iṣẹ́, kámẹ́rà yìí kò yege o." A rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Ojú Luo kò sí níbẹ̀ rárá. Mo ṣàárò rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Mo fi ọ̀kan sínú lẹ́tà yìí. Ìwọ lo wà lẹ́yìn mi yẹn, tí ò ń jí ẹran inú abọ́ mi. Olè! Wá, kí wọ́n tó wó ògiri náà, kí a jọ dúró níbẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi gbé ọmọ-ọmọ rẹ jó. Bao ní kí n kí ọ, igbe ló fi sọ ọ́.

Àná ni mo padà lọ síbi ibojì. Mo gbé fọ́tò náà síwájú òkúta, mo gbé abọ́ méjì tì í, mo ní, "Luo, mo ti rí bíríkì tó kù."

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí rẹ,
Qiu Guilan.