Má Sun Ẹrù Ìyá Rẹ

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọdún 1992. Oṣù tó kọjá ni ikọ́ ife pa ìyá rẹ.

Susanna ọmọ mi, fọ́tò àyà Àyìnkẹ́ mọ́ kedere! Kòkòrò ikọ́ náà wà lára ọmọ rẹ, àmọ́ ó ń sùn ni. Oògùn ni kò ní jẹ́ kó jí. Fún un lò láràárọ̀ fún oṣù mẹ́fà, bí kò tilẹ̀ húkọ́.

Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé o fẹ́ sun ẹrù ìyá rẹ lónìí. Ó pariwo: "Háà, Bàbá! Inú afẹ́fẹ́ ni ikọ́ yẹn ti ń ranni, kì í ṣe ara aṣọ. Ẹ fọ̀ ọ́ jàre!"

Èmi àti Àyìnkẹ́ ti lọ ra ọṣẹ ní Ìkòtún. Mo mú ìṣáná lọ.

Ohun tí ìyá rẹ fi sílẹ̀: ìró méjì, ìborùn kan, kọ́ọ̀pù rẹ̀, àti ọ̀já tó fi ń pọn Àyìnkẹ́. Ọ̀já yẹn ni kí o kọ́kọ́ fọ̀.