Wọ́n Ní Mo Ní Àyè

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Kọ̀ǹpútà tún dákú lónìí. Àtẹ̀gùn ilé oníbàárà ni mò ń yà, ilé alájà kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, ó ku ìlà díẹ̀ kí n parí — ó gan. Mò ń wò ó, òun náà ń wò mí. Nígbà tó jí, ó ní àyè ti tán. Àyè wo? Gbogbo ilé tí mo ti yà láti ìgbà tí mo ti ń ya àwòrán ilé, kò lè gba àyè tó báyẹn.

Mo yẹ inú rẹ̀ wò. Fídíò ìgbéyàwó Alága. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìyẹn. Kò síbi tí kò ti ń ṣe alága, ì báà ṣe ìjókòó ènìyàn méjì. Orin tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Agogo, ń kọ sínú fóònù láti fi dánra wò, orin kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó sì ń ṣì í níbì kan náà. Fọ́tò bàtà tí ìyàwó Alága ń tà — ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún, àtẹ́lẹsẹ̀. Iṣẹ́ tèmi há sí igun kan bí àlejò.

Nígbà tí wọ́n ń kó o wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sọ: "Ìwọ ṣáà ní àyè." Mi ò lọ́kọ, mi ò bímọ, nítorí náà mo ní àyè. Nínú kọ̀ǹpútà, nínú ilé, nínú ọjọ́ ayé mi. Orí mi gbóná.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Ọ̀rẹ́ mi Ayẹ̀jẹ̀wò yà sọ́dọ̀ mi nígbà tó ń ti yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn wọn bọ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ń wá ìdí àrùn ọwọ́ gbígbọ̀n, irú èyí tó ń ṣe Màmá. Ìṣirò ibẹ̀ pọ̀ kọjá ohun tí ẹ̀rọ kan lè dá ṣe. Wọ́n wá gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń pín in káàkiri fún kọ̀ǹpútà ilé àwọn tó bá yọ̀ǹda. Tí o kò bá lo tìẹ, á máa ṣírò lọ. Tí o bá fọwọ́ kàn án, á dúró, á yàgò fún ọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, Ayẹ̀jẹ̀wò wí, ó sì fọwọ́ sọ àyà lóòótọ́, ó gbàgbé pé ife omi wà lọ́wọ́ òun.

Mo fẹ́ ṣe é. Mo fẹ́ ẹ gan-an ni. Mo ti rí Màmá tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan di ọwọ́ kejì mú kó lè dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ètò náà nílò àyè. Èmi tí mo ní àyè, mi ò ní àyè!

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Mo kọ ọ́ sí gúrúùpù ẹbí: kí oníkálùkù mú fíláàṣì wá kó ẹrù rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Ohun tó bá ṣẹ́kù, mo máa pa á rẹ́. Alága fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́. Àǹtí Agogo bi mí bóyá ara mi yá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta

Kò sẹ́ni tó wá.

Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Mo pa á rẹ́. Bàtà lọ. Orin lọ, èyí tó ṣì àti èyí tí kò ṣì. (Kò sí èyí tí kò ṣì.) Fídíò ìgbéyàwó Alága nìkan ni mo kọ́kọ́ kó sínú fíláàṣì. Kì í ṣe tìtorí rẹ̀. Màmá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jó, ọwọ́ méjèèjì wà lókè, ó dúró ṣinṣin. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo sunkún, mo tún padà sídìí ìbínú mi.

Lẹ́yìn náà mo pa gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ láìnídìí. Mo tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, mo gbọn eruku inú fáànù. Mo gba ètò ìṣirò náà wọlé. Ó bi mí: mélòó nínú agbára ẹ̀rọ mi ni kí òun lò? Ìgbà wo? Ṣé kí òun dúró tí mo bá ń ṣiṣẹ́? Ó pẹ́ tí mo fi ń wo ìbéèrè yẹn. Mo fún un ní ìdajì.

Àìkú, 16 Oṣù Kẹta

Ó parí ègé ìṣirò àkọ́kọ́. Inú mi dùn bí ẹni tó bímọ — kí ẹbí mi má gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Mo fẹ́ jà! Mo lọ wọn ilẹ̀ oníbàárà, mo dé, mo bá Àǹtí Agogo lórí àga mi. Kọ́kọ́rọ́ tí mo fún un nítorí pàjáwìrì ló fi wọlé. Pàjáwìrì tirẹ̀: ó ń wá orin rẹ̀. Ó rí i tí nọ́ńbà ń sáré lójú kọ̀ǹpútà, tí fáànù ń hó, tí kò sì sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Ó fa wáyà yọ lára ògiri. Ó ní olè lòun gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀, pé àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti wọnú ẹ̀rọ mi, wọ́n ń ṣe fàájì.

Àwòrán àtẹ̀gùn tí mo tún yà láàárọ̀ wà níbẹ̀, mi ò tíì fi pamọ́. Ó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kí n ti fi pamọ́. Ta ló ní kó wọlé?

Mo ṣàlàyé. Àrùn Màmá, ìṣirò, àwọn tó yọ̀ǹda. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá bi mí pé orin òun dà. Nígbà tí mo sọ fún un, ariwo tó pa kúrò ní kékeré. Àwọn ará òkè fi igi ìgbálẹ̀ lu ilẹ̀ lé wa lórí. Ó ní mo kó ti ẹbí dànù, mo fi àjèjì dí àyè rẹ̀. Àgbà ni, mo mọ̀. Nínú ìwé yìí, mi ò bọ̀wọ̀ fún un.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta

Alága pè. "Àbúrò, mo gbọ́ pé ò ń fi iná tọrẹ fáwọn tí o ò mọ̀ rí. Ìyá tó bí wa ń gbọ̀n nílé, wọn ò rẹ́ni dúró tì wọ́n." Ó ní níwọ̀n ìgbà tí àkókò àti àyè ti pọ̀ lọ́wọ́ mi tó bẹ́ẹ̀, kí n kó kúrò níbí, kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ Màmá. Kí oṣù tó parí. Ìpàdé wà lọ́jọ́ Àìkú nílé Màmá. Mo ní ìpàdé lórí kí ni, nígbà tẹ́ ẹ ti parí ọ̀rọ̀? Ó ní ká lè fẹnu kò ni.

Tí mo bá lọ, iṣẹ́ mi kú. Tábìlì tí mo fi ń yàwòrán kò lè gba ẹnu ọ̀nà yàrá tó ṣófo nílé Màmá wọlé. Àdúgbò yìí làwọn oníbàárà mọ̀ mí sí. Fèrèsé mi, orúkọ mi lára ilẹ̀kùn — gbogbo ohun tí mo fọwọ́ ara mi ní. Ó fẹ́ gbà á lórí fóònù, ó sì ń jẹun lọ́wọ́. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́.

Ẹtì, 21 Oṣù Kẹta

Ta ló ń mú Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà? Èmi. Ta ló ń di irun wọn? Èmi. Ta ló ń ka oògùn wọn sínú páálí? Èmi. Alága ń pàṣẹ, Agogo ń kọrin. Wọ́n ń lò mí nígbà tí wọ́n bá rò pé mi ò ṣe nǹkan kan, ìyẹn ni gbogbo ìgbà! Tí mo bá sì fọwọ́ kan iṣẹ́ mi, wọn kì í yàgò.

Mo ti pinnu. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá ni tèmi. Méjì ti Alága, méjì ti Agogo, èyí tó kù ká máa gbà á fún ara wa. Mo dúró níwájú dígí, mo ń sọ ọ́ títí ẹkún fi kúrò nínú ohùn mi.

Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Mo pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Káfíńtà ní ṣé olè wá ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àìkú, 23 Oṣù Kẹta

Ènìyàn mẹ́rin péré nínú pálọ̀, Alága dìde dúró kó tó sọ̀rọ̀. Ó sọ ti oyún oṣù mẹ́sàn-án, ó sọ ti ọmọ tó mọ oore, ó wá gúnlẹ̀ sórí mi bí mo ṣe mọ̀ pé ó máa gúnlẹ̀. Mo jẹ́ kó parí. Èmi náà dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fo ìkankan: ẹrù wọn, dókítà, irun, oògùn, iṣẹ́ mi tó bàjẹ́. Mo ní mi ò kó lọ síbì kankan. Mo ní ọjọ́ méjì-méjì. Agogo bú sẹ́kún. Alága ní méjì ti pọ̀ jù, òun lè mú ọ̀kan. Agogo gbé ojú sókè láàárín ẹkún, ó ní tó bá mú ọ̀kan, ọ̀kan lòun náà máa mú. Mo ní ta ló wá máa mú ìyókù? À ń ná an síwá sẹ́yìn bí ẹni ń ná ọjà.

Màmá fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

"Ogún òkú lẹ̀ ń pín yẹn. Ṣé mo ti kú ni?"

Màmá ní àwọn ti bá nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìn tì, tó ń gbé nílé kejì, sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ò fẹ́ máa dá gbé mọ́. Á kó wá sí yàrá tó ṣófo lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn méjèèjì ti sọ ọ́ parí láti oṣù tó kọjá. Màmá kàn ń wo ẹni nínú wa tó máa béèrè ohun tí àwọn fẹ́ ni.

Mi ò ní kó kúrò nílé mi nìyẹn. Mo yíjú láti wo ojú Alága, kí n gbádùn rẹ̀ díẹ̀. Èmi gan-an ni Màmá ń wò.

"Ìwọ náà. Dókítà lo máa ń wá mú mi lọ. Irun lo máa ń wá dì. Oògùn lo máa ń wá kà. Tó o bá ti parí, o ti dìde. Ìgbà wo lo wá jókòó lásán tì mí rí?"

Mo ní ẹ̀rọ mi ń ṣiṣẹ́ lórí àìsàn yín, Màmá, ní gbogbo ìgbà tí mi ò bá lò ó.

Wọ́n ní ẹ̀rọ kọ́ làwọn bí.

Alága lọ. Agogo lọ. Mo jókòó ti Màmá. Inú ń bí wọn, inú ń bí èmi náà. A jọ ń wo ògiri títí ilẹ̀ fi ṣú.