Ẹ Má Gun Alùpùpù Lónìí

Bàbá Ikrimah,

Ẹ má wulẹ̀ wá kọ́kọ́rọ́ alùpùpù yín kiri ilé. Ó wà nínú àpò mi. Takisí ni kí ẹ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Nzeng-Ayong lónìí.

Nígbà tí ẹ kírun àsùbá lórí àga, ẹ sọ fún Ikrimah pé orúnkún ló ń dùn yín. Èmi mọ̀ pé ẹ̀yìn ni. Ẹni tó bá tẹ̀ síwájú mú ọwọ́ alùpùpù bí ẹni tó wà ní rúkúù lórí ìrun láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fẹjọ́ sùn. Nítorí náà, bí ẹ ti padà sùn, mo mú sípánà, mo tú ọwọ́ náà, mo gbé e sókè, mo sì fà á sẹ́yìn títí mo fi lè jókòó níbẹ̀ láìtẹ̀.

Àṣé wáyà tó ti ọwọ́ náà lọ sí ẹ̀rọ, tó ń mú un sáré, kò gùn tó. Nígbà tí mo ṣíná rẹ̀ tí mo yí ọwọ́ sí òsì, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré fúnra rẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ láti ìgbà náà. Mo pe Wàhábì mẹkáníìkì. Ó ní, "Màdámù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ fẹ́ di opó ni?" Yóò wá pààrọ̀ wáyà nírọ̀lẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí bínú. N kò ká ẹní ìkírun yín nílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí iwájú orí yín padà sí.

Tàwàkálítù